Iṣẹ́ tó wà nínú àpilẹ̀kọ M.A. yín, fún ẹ̀yin tó ń gbé Àgbádárìgì

Ẹni tó bá gba M.A. nínú Ìtàn, Èdè, Lítíréṣọ̀ tàbí Fílọ́sọ́fì sábà máa ń kọ orúkọ oyè náà gàdàgbà síwájú ìwé tó fi ń wá iṣẹ́, á sì kọ àkòrí àpilẹ̀kọ rẹ̀ sábẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó fẹ́ ra àkòrí? Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tó lè gba ohùn àgbàlagbà sílẹ̀, kó kọ ọ́ jáde, kó túmọ̀ rẹ̀, tàbí ẹni tó lè ka igba ojú-ewé kó fa kókó rẹ̀ yọ sí ojú-ewé méjì. Gbogbo èyí lẹ ti ṣe nígbà tí ẹ ń kọ àpilẹ̀kọ. Ẹ tú u palẹ̀ bí alápatà ṣe ń kun màálù, torí ibi kọ̀ọ̀kan ló ní oníbàárà tirẹ̀: iye ènìyàn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, iye wákàtí ohùn tó wà lọ́wọ́ yín, èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, ibi tí ẹ ti ka ìwé àtijọ́. Ojú-ewé kan ti tó.

Àgbádárìgì dára fún irú iṣẹ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Yorùbá àti Ègùn là ń gbọ́ lọ́jà. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà, èdè Faransé sì ni ìjọba ń lò lódìkejì rẹ̀. Àjàrà ni Abúlé Èdè Faransé wà láti 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì káàkiri Nàìjíríà ti ń wá fi èdè náà kọ́ra. Ẹni tó bá gbọ́ méjì nínú mẹ́ta yìí débi tó lè kọ wọ́n dáadáa lè túmọ̀ ìwé ìbí, ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé, ìwé ọjà, ìwé ìlera fún ará ìlú. Bó bá jẹ́ ìwé tí ọ́fíìsì ìjọba máa gbà ni, ẹ ní kí oníbàárà kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ bóyá òǹtẹ̀ ògbufọ̀ tó wà nínú NITI, ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀ Nàìjíríà, ni wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá dá ìwé padà, ẹ̀yin ni oníbàárà yóò wá bá.

Owó ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Iye ọ̀rọ̀ inú ìwé tí wọ́n gbé wá ni kí ẹ fi ṣírò, kí iye náà má baà yí padà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè túmọ̀ bíi 1,500 ọ̀rọ̀ lójúmọ́, kó sì tún un kà. Bí iṣẹ́ bá wà fún ọjọ́ 15 lóṣù, 22,500 ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ká ní ₦450,000 ni oúnjẹ, owó ilé, dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà lóṣù, ẹ kò gbọdọ̀ gba iye tó dín sí ₦20 lórí ọ̀rọ̀ kan, èrè kò sì tíì sí níbẹ̀. Ẹ gba ìdajì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí àdéhùn wà ní kíkọ, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp: iye ọ̀rọ̀, ọjọ́ tí ẹ máa jíṣẹ́, iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí ẹ tún un ṣe.

Àmì ohùn ló ń ba iṣẹ́ Yorùbá jẹ́ jù. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Lẹ́tà “ẹ” ni wọ́n fi àmì òkè lé lórí, nítorí náà méjì ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Bí ẹnì kan bá lo àmì róbótó lábẹ́ lẹ́tà, tí ẹlòmíràn lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, ẹ lè má tètè fura, àmọ́ bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì, kò ní jáde. Kíbọọ̀dù kan náà ni kí ẹ lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin: Gboard lórí fóònù, Keyman lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń mú kí lẹ́tà àti àmì rẹ̀ wà ní ọ̀nà kan náà, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi PDF tì í. Ẹ má fọwọ́ kan fọ́ǹtì àtijọ́ tí kì í ṣe ti Unicode, torí ohun tó dán lójú yín lè di àpótí kéékèèké lójú ẹni tó gbà á.

Kíkọ ohùn jáde ni mo gbà pé ó yẹ kí ọmọ Ìtàn àti ọmọ ẹ̀dá-èdè kọ́kọ́ gbájú mọ́, nítorí àwọn àgbà tó mọ ìtàn ìlú yìí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba ohùn náà ní WAV, irú fáìlì tí kì í sábà fún ohùn pọ̀, ní 48 kHz, 24-bit. Ohùn orí WhatsApp ti fún pọ̀ jù. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Kí bàbá tàbí ìyá náà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ fi ohùn wọn ṣe àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, kí ìyọ̀ǹda wọn sì wà nínú ohùn náà. Wákàtí kan ohùn tó mọ́ ń gba bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ jáde. Bí àmì ohùn àti ìtumọ̀ bá kún un, ó lè ju mẹ́wàá lọ. Ẹni tó gbowó wákàtí kan ti fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pa ara rẹ̀. Ẹ kọ́ ELAN, ètò orí kọ̀ǹpútà fún kíkọ ohùn jáde, ọ̀fẹ́ ni: ó ń so gbólóhùn mọ́ ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an.

Ẹni tó fẹ́ máa mú àlejò káàkiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ìlú yìí tí wọ́n parí ní 1845, tàbí sọdá sí Gbẹrẹfú, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ láyé àtijọ́, kó ya ohun tó wà nínú ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àgbà. Àlejò tó wá láti Brazil tàbí Amẹ́ríkà nítorí àwọn baba ńlá rẹ̀ máa béèrè.

Ní ti olùkọ́, M.A. nìkan kò tó fún TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ ṣe PGDE, ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gba oyè (NOUN, yunifásítì ìjọba tí a ń kà láti ilé, àti NTI, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti ìjọba, ní i), kí ẹ wá jókòó fún ìdánwò TRCN. Òfin Èkó ti 2018 ní kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ Yorùbá, ti aládàáni pẹ̀lú, nítorí náà ẹ mú nóòtì ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dání lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé.

Ph.D. ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fẹ́ 60% nínú èsì M.A. Owó TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, jẹ́ ti olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wáṣẹ́ sí ibẹ̀. LASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) ní Ọ̀jọ́ àti LASUED (yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó) ní Ìjànikin ló sún mọ́ wa jù. Ẹ béèrè transcript, ìwé èsì gbogbo ìdánwò yín, ní oṣù mẹ́ta ṣáájú gbèdéke, torí yunifásítì yín ló máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì owó tí ẹ san.