Ẹ Béèrè Láísẹ́ǹsì Ilé Lọ́wọ́ Onílé Yín

Bí ẹ bá háyà yàrá kan ní England, nínú ilé tí àwọn tí kò bára tan jọ ń lo kíṣíìnì kan àti balùwẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé onílé yín gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. HMO (House in Multiple Occupation) ni àwọn káńsù ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fi físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà tàbí físà ọmọ ilé-ìwé wọ ìlú yìí kò tíì gbọ́ ọ rí, àwọn onílé kan sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí Peckham. Onílé fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gé pálọ̀ ìsàlẹ̀ sí méjì, ó gé yàrá ńlá òkè náà sí méjì, ilé tó yẹ kó ní yàrá mẹ́ta wá di yàrá mẹ́fà. Èèyàn méje ni wá. Yàrá tèmi wà nínú èyí tí wọ́n gé lókè. Pákó yẹn gba àárín fèrèsé kọjá, ìdajì gíláàsì wà lọ́dọ̀ mi, ìdajì wà lọ́dọ̀ ẹnì kejì, ìdajì tó ń ṣí sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Bí mo bá fẹ́ atẹ́gùn, mo ní láti kan ògiri kí n bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i.

Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni onílé náà, Essex ló ń gbé. Dádì ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí ara mi kò yá, ó pè mí, ó gbàdúrà fún mi lórí fóònù, ó sì ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu lórí owó ilé títí n ó fi padà síṣẹ́. Èèyàn dáadáa ni lọ́nà yẹn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìkà nìkan ló ń fi ilé ṣe báyìí.

Dádì yìí kan náà ló kọ ọ́ sórí WhatsApp ilé lálẹ́ ọjọ́ kan pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni láti káńsù bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ní mọ̀lẹ́bí ni gbogbo yín." Ó mọ ohun tó ń ṣe. Lábẹ́ Housing Act ti ọdún 2004, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbéyàwó so pọ̀ ni òfin ń kà sí agbo ilé kan: bàbá, ìyá, ọmọ, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni pàápàá wọ inú rẹ̀. Bí gbogbo wa bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí lóòótọ́, ilé yẹn kì í ṣe HMO mọ́. Ṣùgbọ́n ará Ìlọrin, ará Ìjẹ̀bú àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Kumasi ò lè di mọ̀lẹ́bí nítorí pé onílé fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, aránṣọ ni, kò dá Dádì lóhùn. Èmi ló pè. Ó ní, "Àbúrò mi, tí iná bá sọ ní kíṣíìnì lóru, ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú wà?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn náà láti inú, ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń yọ ọ́ lọ sí yàrá rẹ̀. Ó mú téèpù tó fi ń wọn aṣọ, a gòkè lọ wọn yàrá mi: mítà 2.1 sí mítà 2.7. Ìyẹn kò tó mítà onígun mẹ́rin mẹ́fà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni òfin ti sọ pé nínú ilé tó bá ní láísẹ́ǹsì, yàrá tí àgbàlagbà kan yóò sùn kò gbọdọ̀ dín sí mítà onígun mẹ́rin 6.51, ti ẹni méjì kò sì gbọdọ̀ dín sí 10.22. Ibi tí òrùlé ti rẹlẹ̀ tí kò tó mítà kan ààbọ̀, wọn kò ní kà á mọ́ ọn.

Inú oṣù Kẹwàá 2018 yẹn náà ni wọ́n fẹ òfin láísẹ́ǹsì sí i. Tẹ́lẹ̀, ilé alájà mẹ́ta sókè ni ó kàn. Láti ìgbà náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé tí èèyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń gbé, tí wọn kì í ṣe agbo ilé kan, gbọ́dọ̀ gbà á, ibi yòówù kó wà ní England. Àwọn káńsù kan tún fi ilé ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un. Káńsù Newham ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2013, ó ní kí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo onílé tó ń háyà ilé ládùúgbò náà wá gba láísẹ́ǹsì. Àmọ́ bí onílé bá ń gbé inú ilé ọ̀hún pẹ̀lú yín, tí ẹ̀yin tí ẹ háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì ju méjì lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó ni káńsù fẹ́ gbà. Lóòótọ́, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù, owó láísẹ́ǹsì lé ní ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n ó lè lò tó ọdún márùn-ún. Yàrá mẹ́fà, £700 lóṣù kọ̀ọ̀kan, £4,200 ni Dádì ń kó nínú ilé yẹn lóṣooṣù. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta 2023, bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná gbiná lóru nínú fláàtì kan ní Shadwell, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Fláàtì oníyàrá méjì ni, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀dógún. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Bangladesh láti wá ṣiṣẹ́ bọ́ ìdílé rẹ̀ kú sí i. Nígbà tí mo ka ìròyìn yẹn, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wa ni mo ń rò.

Èmi àti Àǹtí wo ìwé àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì lórí ìkànnì káńsù. Òfin ló ní kí káńsù kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ilé wa kò sí níbẹ̀. A kọ̀wé sí wọn.

Obìnrin kan ni wọ́n rán wá. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn yàrá dání, iye tó sì rí nínú yàrá mi bá ti téèpù Àǹtí mu. Ó tẹ àlámù èéfín ìsàlẹ̀, ó dúró, ó ń retí kí ti òkè náà ké, kò ké. Ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn kíṣíìnì lọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò padà tì fúnra rẹ̀. Ó béèrè ìwé àyẹ̀wò gáàsì tọdún yẹn àti ti iná mànàmáná, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣe lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Kò béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ìyẹn dẹ́rù bà, ẹ gbọ́ o: àìní láísẹ́ǹsì, ẹ̀ṣẹ̀ onílé ni, kì í ṣe ti ayálégbé.

Wọ́n pè wá ní ọ̀dàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún ló sọ ọ́. Síbẹ̀, mi ò rí ìfẹ́ nínú kí á máa gbé òkú ọmọ ẹni lọ sílé nítorí pé a kò fẹ́ dójú ti àgbà.

Ó ná wa ní nǹkan. Èèyàn márùn-ún ni láísẹ́ǹsì tí Dádì wá gbà fàyè gbà, pákó òkè di wíwó, èmi ni mo sì jáde. Káńsù fún un láyè kó má baà jẹ́ pé òjijì ni. Lórí yàrá tó kéré jù, àyè yẹn lè tó oṣù 18. Ibi tí mo wà báyìí fi £80 wọ́n ju ibẹ̀ lọ lóṣù, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì fi ń dí i. Ó yẹ kí ìjọba tó ń ka yàrá tún máa kọ́ ilé tí èèyàn lágbára àtisan owó rẹ̀.

Bí onílé bá ń halẹ̀ pé òun yóò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ayálégbé láìgba àṣẹ ilé-ẹjọ́, òfin ti ọdún 1977 kà á léèwọ̀. Ẹ tún lè gba owó ilé padà ní Tribunal, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé, fún àkókò tí kò fi ní láísẹ́ǹsì: ó lè tó ti ọdún kan, òfin tuntun ti 2025 sì sọ ọ́ di ọdún méjì. Ẹ̀rí ni wọ́n ń wò. Nítorí náà ẹ máa san owó ilé láti báńkì, ẹ má fún wọn lówó lọ́wọ́, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́. Èyí tí Dádì fi ní kí á pe ara wa ní mọ̀lẹ́bí wà nínú fọ́ọ̀mù tí èmi àti Àǹtí fi ránṣẹ́ sí Tribunal, a ṣì ń retí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe kọ fọ́ọ̀mù náà, kó kọ̀wé sí mi, màá fi òfìfo rẹ̀ ránṣẹ́.