Èmi àti àbúrò mi ará Tókíò lọ́jà àdìrẹ Ìtòkú

Rélùwéè la wọ̀ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, a bọ́ sílẹ̀ ní stéṣàn Wọlé Ṣóyinká ní Láderin l'Ábẹ́òkúta, a tún wọ mọ́tò dé Ìtòkú. Àbúrò mi tó ń gbé Tókíò ló fẹ́ ra àdìrẹ tó máa tà fáwọn ará Jàpáánì.

Ọmọ yìí wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní ẹ káàárọ̀ mà, ó nawọ́ sí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, èló ni? Ìyá aládìrẹ ní 15,000 náírà, àbúrò mi sì ti ń fa owó yọ! Mo yáa dì í lọ́wọ́ mú. Ìyá gan-an ò tiẹ̀ yọ̀, torí ẹni tó bá san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè láìnájà, ńṣe lọlọ́jà á máa rò ó pé bóyá ó yẹ kóun pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíni. Ẹ kú ọjà o mà, ẹ kú ìjókòó, ajé á wọgbá o. Àṣẹ, ọmọ mi, ẹ kú ìrìn, àwọn ará ilé ńkọ́? Ó ti fún wa lága nìyẹn, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ pákí sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró ò ní mú. Mo ní ẹ jẹ́ n san 8,000, ó rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí ẹni ń lọ, ó pè mí padà, 10,500 la parí ẹ̀ sí.

Àbúrò mi ní ní Tókíò, iye tó wà lára ọjà lo máa san, orí àwo kékeré kan ní káńtà lo sì máa gbówó sí, tó o bá fi ṣéńjì sílẹ̀ fún wọn wọ́n lè sáré lé ẹ láti dá a padà. Káàdì ìṣòwò, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbà á, wọ́n á kà á kí wọ́n tó fi pamọ́. Mo ní ṣebí àwa náà kì í fọwọ́ òsì fún àgbà lówó. Ó ní wọn kì í sábà sọ "rárá" fún ẹ lójú, wọ́n á kàn ní "ó máa le díẹ̀". Ẹ̀rín pa mí, torí oníbàárà tó bá ní "mò ń bọ̀ mà" n'Ítòkú, ó ti lọ nìyẹn. (Kì í kúkú ṣe gbogbo òkè òkun ni kì í nájà o, ní Guangzhou ní Ṣáínà, kalkuléètọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ síra wọn.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni ìgbà tí àbúrò mi ní kí Ìyá kọ iye kan sílẹ̀ fún odindi ọdún kan, kí gbogbo aṣọ sì rí bákan náà. Ìyá ní ta ló mọ iye tí aró máa jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ọwọ́ lòun sì fi ń kọ ọ́, òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n gba nọ́mbà ara wọn, àdéhùn oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣì ń dúnàá-dúrà lé lórí báyìí.