Ẹ̀ẹ̀kan Lọ́sẹ̀: Bí Mo Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Lo Methotrexate

Dókítà tó ń tọ́jú làkúrègbé mi ti kọ oògùn tuntun fún mi, methotrexate ni orúkọ rẹ̀, mo sì ti ń lò ó. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ fún, nítorí pé oògùn tó ń ṣiṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí èèyàn lè máa lò bó ṣe wù ú.

Làkúrègbé tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tó ń wá nítorí pé oríkèé ti gbó. Rheumatoid arthritis ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà, ló ṣi ara mú ní ọ̀tá, tí wọ́n sì ń gbógun ti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé. Awọ yìí á wú, á gbóná, bí ọjọ́ bá sì ti ń gorí ọjọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eegun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí oògùn ìrora nìkan kò fi tó: ó lè mú kí ara tu èèyàn fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí àrùn má jẹ eegun lọ. Òwúrọ̀ ló máa ń le jù fún mi. Bí mo bá jí, àwọn ìka mi á ti gan, wọn kò ní ká dé àtẹ́lẹwọ́, mo sì ní láti ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó lè de bọ́tìnì aṣọ. Ìdérí ìgò oògùn tí wọ́n ṣe lọ́nà tí ọmọdé kò fi ní lè ṣí i, agbára ọwọ́ mi kò ká a. Mo sọ fún apoògùn, ó sì bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí kò le, mo wá ń gbé ìgò náà sí ibi gíga tí ọwọ́ ọmọ kankan kò lè tó.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tí mo rí nínú ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn náà. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú oògùn yìí wò. Ní ọdún 1948, Sidney Farber, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn bí aminopterin, tí òun àti methotrexate jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ṣe mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lára àwọn ọmọdé kan. Ní ọdún 1951, àwọn oníṣègùn mìíràn fi aminopterin kan náà tọ́jú àwọn tó ní làkúrègbé, wọ́n sì rí i pé ó tù wọ́n lára. Síbẹ̀, ó di ọdún 1988 kí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, tó fọwọ́ sí methotrexate fún àrùn tiwa yìí. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tiwa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 7.5 sí 15 lọ́sẹ̀, kì í sì í sábà ju 25 lọ. Ní ìwọ̀n kékeré yìí, ńṣe ló ń mú kí ìbínú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ náà rọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún làkúrègbé. Àwọn kan ti ṣèèṣì lò ó lójoojúmọ́, bí wọ́n ṣe ń lo àwọn oògùn wọn yòókù, ó sì ti gbẹ̀mí nínú wọn, torí pé ó máa ń ba mùdùnmúdùn inú eegun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá jẹ́, ẹnu á sì kún fún egbò. Hóró oníwọ̀n 2.5 miligíráàmù wà, oníwọ̀n 10 náà wà, wọ́n sì lè jọra wọn. Nítorí náà, 2.5 nìkan ni mo ní kí wọ́n máa fún mi, mo sì máa ń kà wọ́n sórí àwo funfun kí n tó gbé wọn mì. Lójú tèmi, orúkọ ọjọ́ gan-an ló yẹ kí wọ́n máa kọ gàdàgbà sára ìgò, kì í ṣe pé kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé kí aláìsàn lò ó bí dókítà ṣe sọ. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo yàn, kí ó lè jẹ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo ń sinmi ni àárẹ̀ rẹ̀ máa bọ́ sí. Ní ọjọ́ Ajé, mo ń lo folic acid, irú fítámì B kan, tó ń dín inú rírú àti egbò ẹnu kù, tó sì ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́.

Àárẹ̀ náà wà lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òórùn oúnjẹ lásán lè mú kí inú mi rú, ara mi á sì wúwo títí di ọ̀sán. Mo ti rí i pé bí mo bá jẹun dáadáa kí n tó lò ó, tí mo sì mu omi púpọ̀, ó máa ń ṣeé fara dà.

Ohun tó tún gba sùúrù ni pé oògùn náà kì í yá. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀ gidi, ìdí nìyẹn tí dókítà fi fi prednisolone díẹ̀, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó tètè ń mú kí oríkèé tó wú rọlẹ̀, kún un fún mi, tí a ó máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Mi ò tíì lè sọ pé gígan ìka mi ti dín kù. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n jáwọ́ ní àwọn àárọ̀ kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá jáwọ́ kí àkókò yẹn tó pé kò lè mọ̀ bóyá oògùn náà ì bá ti bá òun lára mu.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n sì wò ó bóyá àrùn mẹ́dọ̀wú wà lára mi. Ní báyìí, wọ́n ń yẹ ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ mi wò lemọ́lemọ́, bí gbogbo rẹ̀ bá sì dúró déédéé, àyẹ̀wò náà á máa jìnnà síra. Ikọ́ gbígbẹ pẹ̀lú èémí tí kò délẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀, nítorí pé oògùn náà lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà, egbò ọ̀fun, tàbí kí ara máa dáranjẹ̀ láìsí ìdí. Ẹni tó bá lóyún tàbí tó ń gbèrò àtilóyún kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Mo ti dín ọtí kù gan-an nítorí ẹ̀dọ̀. Dókítà yòówù tó bá fẹ́ kọ oògùn fún mi, mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un pé methotrexate ni mò ń lò, pàápàá nítorí oògùn apakòkòrò àrùn tó bá ní trimethoprim nínú, bíi co-trimoxazole, torí pé àwọn méjèèjì lè para pọ̀ ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Bí inú rírú náà kò bá lọ sílẹ̀, mo fẹ́ béèrè fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ dípò hóró. Oògùn kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í gba inú ikùn kọjá, ó sì máa ń rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí oníhóró ń dà láàmú.