Ẹ lọ ra ẹran lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Texas, ẹ jọ̀ọ́, kí la tún ń fi ẹran ewúrẹ́ inú yìnyín tó ti Australia wá ṣe? Texas ló ní ewúrẹ́ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà o, lápá San Angelo lọ́hùn-ún orí pápá ni wọ́n wà tí wọ́n ń já ewé jẹ fúnra wọn.

Tó bá jẹ́ màlúù lẹ fẹ́, ẹ kó ara yín jọ bí a ṣe ń pín màlúù nílé tọ́dún bá dé, kí ẹni mẹ́rin da owó ra odidi kan. Àmọ́ ẹ ra ẹran náà nígbà tó ṣì wà láàyè, torí àwọn alápatà kékeré kan wà tóun jẹ́ pé ẹni tó ni ẹran nìkan lòfin gbà kí wọ́n pa á fún, wọ́n á tẹ "Not for Sale" sára ẹ̀, ẹ̀yin, ará ilé yín àti àlejò yín lẹ máa jẹ ẹ́, ẹ ò lè tà á rárá.

Ẹ bi wọ́n dáadáa pé ìwọ̀n wo ni wọ́n ń gbowó lé, torí bí wọ́n ṣe bó o tí wọ́n gbé e kọ́ ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n, teegun teegun, tí wọ́n bá gé e tán á tún dín kù. Kẹ́ ẹ sì tètè sọ pé ẹ fẹ́ orí, ẹsẹ̀ àti ṣàkì! Ọ̀pọ̀ wọn ń dà á nù, ó máa ń dùn mí gan-an.

Tí ọ̀rá ẹ̀ bá rí yẹ́lò, ẹ má bẹ̀rù, koríko tútù ló fà á. Ẹran bẹ́ẹ̀ máa ń le díẹ̀, iná jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sè é.