1.1 ti Màmá mi, 1.1 ti àbúrò mi

Àbúrò mi rí iṣẹ́, wọ́n ní kó lọ ṣe medical wá, mo bá ní kí Màmá náà dìde ká jọ lọ sí làábù, ṣebí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnì kankan ò sì yẹ kíndìnrín wọn wò rí. Nígbà tí èsì máa dé, creatinine àbúrò mi 1.1, ti Màmá náà 1.1, làábù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé 0.6 sí 1.2 ló dáa, wọ́n wá kọ "normal" sórí méjèèjì. Ha, inú Màmá dùn! "Ṣẹ́ ẹ rí i, kíndìnrín èmi ọlọ́dún 68 àti ti ọmọ ọdún 28, ọgbọọgba ni." Kò sẹ́ni tí wọn ò sọ fún ládùúgbò.

Èmi náà gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfi ìgbà tí mo fi ìwé yẹn han dókítà kan tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ó tẹ nǹkan sí fóònù ẹ̀, ó ní eGFR, ìyẹn ìṣirò bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, ti àbúrò ẹ tó 94, ti Màmá ò pé 55. Mo ní kí ló dé, ṣebí nọ́ńbà kan náà ni?

Nọ́ńbà kan náà ni lóòótọ́ o, àmọ́ ìdọ̀tí tó ń wá látinú iṣan ara ni creatinine, iṣẹ́ kíndìnrín ni kó máa kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé irin ní jíìmù, iṣan ẹ̀ ń dà á sílẹ̀ rẹpẹtẹ, kíndìnrín ẹ̀ sì ń kó o bó ṣe ń dà á, ló fi dúró sí 1.1. Màmá tí ara wọn ti gbẹ, díẹ̀ báyìí ni tiwọn, díẹ̀ yẹn gan-an kíndìnrín ò rí i kó tán, lòun náà fi gun 1.1. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ṣírò eGFR. Tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún máa ń bu nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 lé e tó o bá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú, 2021 ni wọ́n tó ṣe ìṣirò tuntun tí kò ní i nínú. Mo fi ti àtijọ́ ṣírò ti Màmá, ó gbé wọn dé nǹkan bíi 60, tó sì jẹ́ pé tó bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, àrùn kíndìnrín nìyẹn. Torí àwọ̀ ara lásán!

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé wọn ò tiẹ̀ gba ìtọ̀ Màmá, bẹ́ẹ̀ lára àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti àwọn onítọ̀ ṣúgà, ìtọ̀ sábà máa ń tú àṣírí ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé tí asẹ́ bá ya, èèrí á bọ́ sínú ògì. Púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni albumin, tó bá ti ń pọ̀ nínú ìtọ̀, asẹ́ inú kíndìnrín ti ń ya nìyẹn. Ìwé pélébé tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ lè má rí i tó bá ṣì kéré, ẹ ní kí wọ́n fi albumin wé creatinine nínú ìtọ̀ àárọ̀, kó má tó 30 mg/g. Nígbà tá a wá ṣe é, ti Màmá jẹ́ 140. Dókítà ní ká tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí ibà tàbí iṣẹ́ agbára náà lè gbé e sókè. Ó tún dárúkọ cystatin C, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn fún kíndìnrín, òun kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé iṣan, àmọ́ làábù mẹ́ta ni mo pè, kò sí èyí tó ń ṣe é.

Ó ní kí Màmá kó gbogbo oògùn wọn wá. Wọ́n tú ọ̀rá kan sílẹ̀, diclofenac ló kún inú ẹ̀! Torí orúnkún, wọ́n ń lò ó lálaalẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n ní Panadol tí mo rà ò ran orúnkún àwọn. Ó ku oṣù kan ká tún gbé ìtọ̀ lọ.