Ẹ̀kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ìkókó kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí afẹ́fẹ́ wọ́n fún nígbà ìbí ni mo bá wá. Ẹ ti mọ lactate, ásíìdì tí ara ń tú jáde bí afẹ́fẹ́ bá wọ́n; ẹ ti mọ NSE àti S100B, àwọn purotéènì tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ọpọlọ bá fara pa; n kò ní tún un kọ́ yín.

Ìkíní, ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Kí agbẹ̀bí dè é ní ojú méjì, kó gé àárín rẹ̀ fún yín. Iṣan kéékèèké méjì tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lára ọmọ ni kí ẹ fà, kì í ṣe ńlá kan ṣoṣo tó ń bọ̀ láti ara ibi ọmọ. Bí pH, ìwọ̀n ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀, bá wà lábẹ́ 7.0, ẹ pe wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀.

Ìkejì, bí ẹ̀rọ bá ka sẹ́ẹ̀lì funfun 30,000, ẹ wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù kí ẹ tó ronú àkóràn. Ọmọ tí afẹ́fẹ́ wọ́n fún máa ń tú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣì ní kókó nínú jáde, ẹ̀rọ mìíràn sì ń kà á mọ́ funfun. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ 50 fún gbogbo funfun 100, 30,000 yẹn di 20,000.

Ìkẹta ni lactate, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń gbóná. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ yìí. Wọ́n á bí ọmọ sí Òmù-Àrán lóru, kò ní ké. Wọ́n á fún gìgísẹ̀ rẹ̀ bí ẹni fún ọsàn, spírítì ò tíì gbẹ níbẹ̀. Wọ́n á fi sírínjì ti ẹ̀jẹ̀ náà gba ojú abẹ́rẹ́ wọnú túùbù lásán, wọ́n á fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Mọ́tò á tún dúró kó èrò ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò kú sínú túùbù o! Ó ń jẹ ṣúgà lọ, ó ń tu lactate sílẹ̀. Kó tó dé Ìlọrin, ṣúgà ti wálẹ̀, lactate ti gòkè. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ ti tú NSE tiwọn dà sínú omi ẹ̀jẹ̀, nítorí kì í ṣe ọpọlọ nìkan ló ní in. Èsì á jáde, wọ́n á sọ fún ìyá pé ọpọlọ ọmọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú túùbù ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Bí gìrì ò bá wá mú ọmọ, tó mu ọyàn dáadáa, wọ́n á ní láàbù ni kò mọṣẹ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Túùbù tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, tó ní fluoride tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kó má jẹ ṣúgà mọ́, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n fluoride kì í tètè ṣiṣẹ́, ó lè gbà ju wákàtí kan lọ. Nítorí náà, ẹ gbé túùbù náà sínú omi oníyìnyín. Ẹ má jẹ́ kó kan yìnyín gan-an, bó bá dì, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́. Kí ẹ̀rọ tó ń ya omi ẹ̀jẹ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì yí i kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Aago tí wọ́n fà á ni kí ẹ kọ, kì í ṣe aago tó dé ọ̀dọ̀ yín, torí láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni dókítà ní láti pinnu bóyá kí wọ́n mú ara ọmọ tutù láti dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀.

Bí omi ẹ̀jẹ̀ bá pọ́n, sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ nìyẹn, ẹ má ka NSE rárá. S100B kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, àmọ́ ọ̀rá ara ní in. Èyíkéyìí tí ẹ bá kà, ẹ gbé e ti òṣùwọ̀n Sarnat tí dókítà kọ, èyí tó ń sọ bí ìpalára ọpọlọ ọmọ ṣe le tó.

Ẹ má sì yára ní kí wọ́n tún fà á. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 3 kò ju bíi 250 mílílítà lọ. Kí wọ́n tó gún un ni kí ẹ ti pe wọ́ọ̀dù.