Òòlù kékeré ni mo mú lọ ra ọkọ̀

Ọkọ̀ tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ kò ní wàhálà kankan. Mo tẹ bọ́tìnì, ó dáhùn. Ooru mú, mo tan amúlétutù. Ọdún kẹfà rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fojú kan abẹ́ rẹ̀ rí. Òun ló jẹ́ kí n lè ra èkejì.

Èkejì yìí ni Land Rover Series III, èyí tó kúrú, tí àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 88. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é. Kò ní amúlétutù, kò ní rédíò, síàrìngì rẹ̀ kò ní ohunkóhun tó ń bá èèyàn yí i. Gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kì í lọ sókè sódò, ńṣe lèèyàn ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, wọ́n pè mí lórí fóònù: "Àbúrò, ọkọ̀ tó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí lo kówó lé? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n délé ná, Bùrọ̀dá mi, màá ṣàlàyé." Mi ò tíì ṣàlàyé ọ̀hún tán. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ níbí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò kọ́ ni mo rà. Ti àkọ́kọ́ yẹn dán gan-an. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ tuntun, ìjókòó rẹ̀ ń rùn bí awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Ẹni tó ń tà á ní kí n wá jókòó nínú rẹ̀ ná. Mo dúpẹ́, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré kan.

Ẹni bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, òòlù ni kó kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá rọra lu ṣáásì, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, tó bá ṣì le, á dún gbagan, ohùn rẹ̀ á sì gùn díẹ̀ kó tó kú. Bí inú rẹ̀ bá ti jẹrà, á dún pọ̀, bí ìgbà téèyàn lu páálí tó ti mu omi. Mo lu apá ọ̀tún: gbagan. Mo lu apá òsì: gbagan. Mo dé ibi irin tó dábùú ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń so ìkọ́ mọ́ láti fi fa nǹkan: pọ̀. Mo tún un lù, n ò tilẹ̀ fi agbára sí i, ni orí òòlù bá wọlé. Ìpáàrà tó rí bí èèpo igi dà sí mi lójú. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú bò ó nípọn nípọn, bí ẹni fi aṣọ funfun bo egbò tí wọn ò wẹ̀. Mo jáde, mo nu ojú mi, mo kí wọn pé ó dàbọ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe lè máa dán báyẹn kí egungun rẹ̀ ti rà, ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Maurice Wilks, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Rover nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oko kan ní erékùṣù Anglesey ní Wales. Jíìpù tí àwọn ológun Amẹ́ríkà lò kù lójú ogun ló ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rò ó pé àwọn náà lè ṣe ọkọ̀ fún àgbẹ̀. Wọ́n ṣe é, wọ́n pè é ní Land Rover, wọ́n sì gbé e síta fún aráyé wò níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948. Ogun kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Ńṣe ni ìjọba ń wọn irin fún àwọn ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù pọ̀ nílẹ̀, torí pé òun ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Nítorí náà wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe awọ ara rẹ̀, wọ́n sì fi irin ṣe ṣáásì. Títí dé orí Series III, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Awọ ara kì í dógùn-ún. Ṣáásì máa ń dógùn-ún. Níbi tí alumíníọ̀mù bá sì ti kan irin tí omi wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, á di ìyẹ̀fun funfun. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí i.

Èyí tí mo wá rà kò dán rárá. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti wọnú, ìjókòó rẹ̀ ti ya débi pé tìmùtìmù inú rẹ̀ yọjú. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, ọdún 31 ló sì ti lò lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi ní, "Ọmọ mi, má wo ojú ẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ ni kóo wọ̀." Wọ́n fún mi ní páálí kan láti tẹ́ sílẹ̀. Mo lu ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn: gbagan, gbagan, gbagan. Mo lu irin tó dábùú ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè dá mi lójú. Mo lu ibi tí sípírìnǹgì ti so mọ́ ṣáásì, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹrẹ̀ ń há sí. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i, wọ́n ní ọdọọdún làwọn ń fi ọ́ìlì fọ́n inú ṣáásì gba àwọn ihò tó wà lára rẹ̀, torí pé inú lọ́hùn-ún ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó yọ síta.

Nígbà tó kan ká gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, bátìrì ò ṣe é. Iná tó kù nínú rẹ̀ tó fún pílọ́ọ̀gì, kò tó fún sítátà. Ni bàbá bá fa irin gígùn kan tó tẹ̀ lọ́nà méjì jáde, wọ́n tì í bọ ihò kan níwájú ọkọ̀, wọ́n yí i títí tó fi kọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. "Wá gbà á," ni wọ́n wí. Mo di irin náà mú. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. "Àtàǹpàkò ẹ ńkọ́?" Mo ti ká a mọ́ irin, bí gbogbo èèyàn ṣe ń di nǹkan mú. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kó wà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kí n sì máa fà á sókè, kí n má tì í sódò láé, torí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ọwọ́ tó ká mọ́ irin ni yóò ṣẹ́. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, kò dún. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó húkọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dáhùn, gbogbo ọkọ̀ gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún létòlétò.

Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí dáadáa. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń wa ọkọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, mi ò fi ọwọ́ mi jí ẹ́ńjìnnì rí. Mo gbọ́ ọ lára bó ṣe le, tó tún dẹ̀, tó tún le, bí písítìnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gun òkè. Ohun tí wọ́n ń yà nínú ìwé láti ọjọ́ yìí wá mọ́ mi lọ́wọ́.

A wo nọ́ńbà ara ṣáásì, ó bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Mo san owó.

Ọ̀pá mẹ́ta ló wà níbi tí awakọ̀ ti lè na ọwọ́ mú wọn. Ọ̀kan ni gíà gan-an, mẹ́rin síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Èkejì kúrú, orí rẹ̀ pupa. Ẹ̀kẹta ní orí aláwọ̀ ìyeyè bí inú ẹyin adìẹ tí wọ́n sè, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lórí ọ̀nà ọ̀dà, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀. Bí ọ̀nà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ tẹ ti olórí ẹyin yẹn, táyà iwájú náà á dá sí iṣẹ́. Bí ibi tó le bá dé, ẹ dúró pátápátá, ẹ fa ọ̀pá pupa sẹ́yìn, gbogbo gíà á lọ sílẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa ṣiṣẹ́, yálà ẹ tẹ ẹyin àbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́.

Kò ní ohun tó ń jẹ́ kí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn sáré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí wọ́n bá so pọ̀, ó sì ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yà, táyà iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà á tán. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò síbi tó máa yọ̀ sí, ńṣe ni irin inú á máa lọ́ra wọn pọ̀ títí síàrìngì á fi le koránkorán. Nítorí náà, bí ẹ bá ti jáde kúrò nínú ẹrẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ọkọ̀ yìí kò ṣe é gbé lójoojúmọ́, mi ò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè kí n tó gbọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ líta 2.25, tó ń mu tó líta 16 epo fún kìlómítà 100, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò máa ń kán sí orókún mi òsì. Ìjókòó ẹ̀yìn kọjú sí ara wọn, kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, mi ò sì ní gbé ọmọdé kankan síbẹ̀ láé. Bíréèkì rẹ̀ fẹ́ kéèyàn ti máa rò ó láti òkèèrè. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ má rà á, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ lọ́la kò lè ní sùúrù tí irú ọkọ̀ yìí ń fẹ́. Èmi ní sùúrù náà torí pé òmíràn wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sanwó, nígbà tí mo gbà á padà, bí mo bá ti tẹ bíréèkì, ńṣe ló ń fà sápá òsì. Mo padà lọ, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi jáàkì gbé táyà kọ̀ọ̀kan kúrò nílẹ̀, mo mú sípánà, mo yí nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń sún bíréèkì títí táyà kò fi lè yí mọ́, mo wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yí fàlàlà. Ọ̀sán kan ni mo fi ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo jáde lọ dán an wò, ó dúró gbọnrangandan lójú kan náà. Mo jókòó sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó ṣẹ́rí padà, torí inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ fún ohun tí mo ṣe.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lo ọ̀pá pupa, ọ̀nà igbó kan ni, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú odò kékeré, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Mo dúró lókè, mo fà á sẹ́yìn, mo fi sí gíà kìíní. Mo wá gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kúrò, ti kílọ́ọ̀ṣì, ti bíréèkì, ti tọ́rótù. Ẹ́ńjìnnì ló di ọkọ̀ mú. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìrìn arúgbó, táyà kọ̀ọ̀kan ń wá ibi tó máa tẹ̀, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ń fọ́n sí abẹ́ rẹ̀. Mo ṣí àwọn ìdérí kéékèèké méjì tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, afẹ́fẹ́ igbó wọlé tààrà sí mi lójú, pẹ̀lú òórùn ewé tútù. Láti òkè dé odò kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. N ò rántí ìrìn àjò kankan tí mo fi ọkọ̀ iṣẹ́ mi rìn lọ́dún yẹn bí mo ṣe rántí ogójì ìṣísẹ̀ yìí.

Ohun tí mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: ohun gbogbo tí mo ní báyìí ló di ara rẹ̀ pa mọ́ mi. Bí iná pupa bá tàn nínú ọkọ̀ iṣẹ́ mi, kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ló máa sọ fún mi ohun tó ń ṣe é. Mo fẹ́ ohun kan tí mo lè tú palẹ̀ kí n sì tò padà, tí mo mọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ. Kò sì sí ohun tó lè bàjẹ́ lára eléyìí tí èèyàn ò lè rí pààrọ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe ṣáásì rẹ̀ ní tuntun, tí wọ́n ti rì bọ síńkì gbígbóná kí ó má baà dógùn-ún mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ lẹ máa tú kẹ́ ẹ tó lè fi sí i.

Iṣẹ́ tó kù báyìí wà níwájú, lẹ́yìn táyà. Irin roboto kan tó ń dán wà níbẹ̀, tí táyà ń yí lé lórí bí ọkọ̀ bá ń yà, ọ́ìlì sì wà nínú rẹ̀. Omi ti jẹ ojú irin náà ní ihò wẹ́wẹ́, ihò wẹ́wẹ́ yẹn ló ń gé rọ́bà tó dí i. Rọ́bà tuntun ti dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀tún ni mo rò pé màá kọ́kọ́ tú, ṣùgbọ́n mo ti gbé àwo sí abẹ́ méjèèjì láti alẹ́ àná. Nígbà tí mo wò ó láàárọ̀ yìí, ẹ̀kán ọ́ìlì mẹ́ta ló wà nínú ti ọ̀tún, mẹ́sàn-án nínú ti òsì. Òsì ni màá kọ́kọ́ tú ní Sátidé.